John Charnley: Dókítà eegun tó fi ara rẹ̀ dán iṣẹ́ rẹ̀ wò

Ẹni tí làkúrègbé bá ti ba oríkèé ìbàdí rẹ̀ jẹ́, tí àwọn dókítà wá pààrọ̀ rẹ̀ fún un, tó sì tún ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn, àǹfààní iṣẹ́ Sir John Charnley ló ń jẹ. Láti ọdún 1982 ni ọkùnrin ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí ti jáde láyé, ṣùgbọ́n káàkiri àgbáyé ni àwọn oníṣẹ́ abẹ ṣì ń tọ ipasẹ̀ rẹ̀. Ọ̀nà tó tọ̀ débẹ̀ kò tẹ́jú. Ó ṣubú lójú ọ̀nà náà, àwọn aláìsàn bíi 300 ló sì bá a fara gbá nínú ìṣubú ọ̀hún.

Ìlú Bury, ní agbègbè Lancashire, ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 29, oṣù Kẹjọ, ọdún 1911. Apòògùn ni bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn jáde ní Yunifásítì Manchester lọ́dún 1935. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó di dókítà àwọn ọmọ ogun, wọ́n sì gbé e lọ sí Íjíbítì, níbi tó ti ń bá àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ṣe ohun èlò tí wọ́n fi ń de apá àti ẹsẹ̀ tó kán.

Lẹ́yìn ogun, ohun tó gbà á lọ́kàn ni bí eegun ṣe ń jinná. Ó fẹ́ mọ bí eegun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ eegun mìíràn ṣe ń so pọ̀. Kàkà kó fi aláìsàn dánra wò, ojúgun ara rẹ̀ ló ní kí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan là, kó lẹ eegun mọ́ ọn. Kòkòrò àrùn wọ ojú egbò náà, ó sì di dandan kí wọ́n tún un là. Ní ọdún 1950, ó gbé ìwé jáde lórí bí dókítà ṣe lè fi ọwọ́ lásán to eegun tó kán láìlo ọ̀bẹ.

Aláìsàn kan ló yí ojú rẹ̀ sí ọ̀rọ̀ oríkèé. Wọ́n ti fi ike ṣe orí eegun itan ọkùnrin náà, ṣùgbọ́n ìgbàkígbà tó bá mira ni ìbàdí rẹ̀ ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò ní epo nídìí, ariwo náà sì ń ni ìyàwó rẹ̀ lára. Charnley bẹ̀rẹ̀ ìwádìí. Ó rí i pé oríkèé tí Ọlọ́run dá ń yọ̀ ju yìnyín lọ, àti pé omi inú ara kò lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ike àti irin. Ohun tí yóò máa yọ̀ fúnra rẹ̀ ló yẹ kéèyàn wá. Ó fi irin roboto kékeré ṣe orí eegun itan, ó fi Teflon, irú èyí tí wọ́n ń fi bo inú páànù ìdáná, ṣe ihò ìbàdí, ó sì fi irú sìmẹ́ńtì tí àwọn dókítà eyín ń lò lẹ̀ wọ́n mọ́ eegun.

Ní ilé ìwòsàn Wrightington, àwọn tí ìrora ti dè mọ́ àga dìde, wọ́n ń rìn. Ayọ̀ náà kò tọ́jọ́. Láàárín ọdún díẹ̀, Teflon jẹ, ẹ̀tù rẹ̀ ń ba ẹran ara jẹ́, ìrora sì padà dé. Charnley kò fi ìjákulẹ̀ náà pa mọ́. Ó ń yọ ohun tó fi sínú ara àwọn aláìsàn náà, ó ń tún wọn là.

Bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn ni Charnley wò. Ní ọdún 1962, ọlọ́jà kan gbé irú ike líle kan wá, èyí tí wọ́n ń lò fún ẹ̀rọ ìhunṣọ. Charnley tẹ èékánná bọ̀ ọ́, ó ní kò wúlò. Harry Craven, oníṣẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀, kò gbọ́. Nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ rìnrìn àjò, ó gbé ike náà sórí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń dán nǹkan wò. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tọ̀sán-tòru, ike náà kò tíì jẹ tó bí Teflon ṣe ń jẹ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ojú ọ̀gá là. Síbẹ̀, ó fi ike náà àti Teflon sínú itan ara rẹ̀. Ibi tí Teflon wà wú, ike kò ṣe é ní nǹkan kan. Oṣù Kọkànlá ọdún náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó fún aláìsàn.

Kò sáré tà á. Dókítà tí kò bá wá kọ́ṣẹ́ ní Wrightington kò rí irinṣẹ́ náà rà. Ó bẹ àwọn aláìsàn pé bí wọ́n bá kú, kí wọ́n jẹ́ kí òun yọ oríkèé náà wò. Ó tún kọ́ yàrá kékeré sínú yàrá iṣẹ́ abẹ, níbi tí afẹ́fẹ́ mímọ́ ti ń fẹ́ wá láti òkè, èyí sì dín àwọn tí egbò wọn ń kẹ̀ kù láti bíi 7 nínú 100 sí ohun tí kò tó 1.

Ọdún 1977 ni Ọbabìnrin fi oyè Sir dá a lọ́lá. Ọjọ́ 5, oṣù Kẹjọ, ọdún 1982 ló kú, lẹ́ni 70 ọdún. Òun ti lọ, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹni tí ìbàdí ì bá dá dúró sílé ṣì ń rìn lórí ohun tó kọ́ nínú àṣìṣe ara rẹ̀.