Samuel Johnson, Ẹni Tó Kọ Ìtàn Wa
Sàró ni wọ́n bí Àlùfáà Samuel Johnson sí lọ́dún 1846, àmọ́ Ìbàdàn ló dàgbà sí, ibẹ̀ ló ti ṣe tíṣà. Ó ń jókòó ti àwọn àgbà àti arọ́kìn, ó ń kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀. Ó parí ìwé ìtàn Yorùbá ní 1897, ó fi ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó sọnù síbẹ̀. Ó kú ní 1901. Àkọsílẹ̀ tó fi pamọ́ ni àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, fi tún un kọ. 1921 ni wọ́n tó tẹ̀ ẹ́.
Bàbá àgbà mi ní Lágelú mọ ẹni tó tẹ abúlé wa dó. Kò tíì sí lákọsílẹ̀. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. Tiyín ńkọ́?