Sheikh Adam Abdullahi Al-Ilory àti Ayé Akẹ́kọ̀ọ́ ní Markaz

Bí àwọn àgbà bá ń ròyìn ayé akẹ́kọ̀ọ́ láàárín 1950 sí 1960, Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1948, ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ dárúkọ: bọ́ọ̀lù, kríkẹ́ẹ̀tì, àti gáùn tí akẹ́kọ̀ọ́ ń wọ̀ lọ jẹun alẹ́. Àwọn ọmọ kéwú ńkọ́? Nítorí tiwọn ni a ṣe mú ìtàn Sheikh Adam Abdullahi Al-Ilory wá fún yín lóṣù yìí.

Ní 1917 ni wọ́n bí i ní Wasa, ní ilẹ̀ Dahomey tí ó di Benin lónìí. Ọmọ Ìlọrin ni bàbá rẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ó sì ti bẹ̀rẹ̀ kéwú. Lẹ́yìn náà ó tọ àwọn àlùfáà mìíràn lọ. Sheikh Adam Namaji ará Kano wà lára wọn. Ní 1946 ó dé ilẹ̀ Íjíbítì, ó sì fi ojú ara rẹ̀ rí ètò ẹ̀kọ́ Al-Azhar.

Ẹ jẹ́ ká wo ilé kéwú ayé ìgbà náà. Orí ẹní tàbí awọ ẹran ni ọmọ ń jókòó sí, wàláà lọ́wọ́. Ọmọ ọdún méje àti ọ̀dọ́mọkùnrin ogún ọdún lè wà lójú kan náà, kí kálukú máa ké tirẹ̀. Owó Àlàrùba ni owó ilé-ìwé. Ẹni tí kò ní, ó lè bá alùfáà ṣe oko. A kò fi ilé kéwú yìí ṣe yẹ̀yẹ́ o, inú rẹ̀ ni Sheikh fúnra rẹ̀ ti jáde. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá wo ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń ti kọ́lẹ́ẹ̀jì bọ̀ nínú yunifọ́ọ̀mù, ojú lè máa tì í láti sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ ni òun náà.

Ní 1952 Sheikh dá Markaz sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ní 1955 ó gbé e wá sí Agége, tí àwa ará Ailegun ń gba Ọ̀ṣòdì àti Ìkẹjà dé. Ó to ọmọ sí kíláàsì, ó gbé wọn ka orí bẹ́ńṣì, ó fi pátákó àti ṣọ́ọ̀kì kọ́ wọn. Ìdánwò wà, ìpele Idaadi àti Thanawi wà, ìwé-ẹ̀rí sì wà fún ẹni tó bá yege. Kì í ṣe Kùránì kíké nìkan. Gírámà, ìtàn àti lítíréṣọ̀ Lárúbáwá wà níbẹ̀.

Àwọn àlùfáà kan kò gbà. Lójú wọn, àṣà òyìnbó ló fẹ́ kó wọ inú kéwú. Lójú tiwa, ìyẹn ló ṣòro jù fún un, torí pé àwọn ènìyàn rẹ̀ ni. Kò fi bẹ́ńṣì náà sílẹ̀. Ìwé ni ó ń kọ: ti 1950 lórí Ìsìláàmù ní Nàìjíríà ti ṣáájú Markaz, Mujaz Tarikh Nayjiriya sì jáde ní 1965.

Ní 1954, láàárín ọdún Abẹ́òkúta àti ti Agége, àwọn ọmọ Mùsùlùmí tó wà ní ilé-ìwé òyìnbó dá Muslim Students' Society sílẹ̀ ní Èkó. Wọ́n ń wá ọ̀nà láti jẹ́ Mùsùlùmí nínú kọ́lẹ́ẹ̀jì. Sheikh ń wá ọ̀nà láti fi ètò kọ́lẹ́ẹ̀jì sínú kéwú.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Markaz padà sí ìlú wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì dá ilé-ìwé tiwọn sílẹ̀, pẹ̀lú bẹ́ńṣì àti pátákó. Ọjọ́ kẹta oṣù Karùn-ún 1992 ni Sheikh jáde láyé. Kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ, kí Ó gẹ̀ ẹ́.