Ìyá Àbíyè Èkó: Ìtàn Ìgbésí Ayé Olóògbé Dókítà Elizabeth Abímbọ́lá Awólíyì

Nínú ìwé ìrántí yìí, a ní kí á má kọ ìtàn àwọn bàbá nìkan. Ìyá kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ kan gbogbo ilé tí a ti ń bímọ ní Èkó, tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa kò sì mọ orúkọ rẹ̀ mọ́. Òun ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Èkó ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1910, nínú ìdílé Akérélé. David Evans Akérélé ni bàbá rẹ̀, Rufina sì ni ìyá rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ St. Mary's ti ìjọ Kátólíìkì ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ìwé, kí ó tó lọ sí Queen's College, tí ìjọba dá sílẹ̀ fún àwọn ọmọbìnrin ní 1927. Iṣẹ́ dókítà kọ́ ni wọ́n ń retí pé kí ọmọbìnrin lọ kọ́ nígbà náà. Ọkùnrin pàápàá tí ó kọ́ ọ kò rí ojú rere. Ní 1902 ni àwọn òyìnbó ti da àwọn dókítà ìjọba ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà pọ̀ sí ẹgbẹ́ kan, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn mọ́ aláwọ̀ dúdú, bó ti wù kí ìwé rẹ̀ pọ̀ tó.

Síbẹ̀, ọmọbìnrin yìí lọ. Ìlú Dublin ní ilẹ̀ Ireland ni ó lọ, ó sì gboyè dókítà níbẹ̀ ní 1938. Kì í ṣe pé ó kàn yege o. Ó gba mẹ́dà nínú ẹ̀kọ́ ìṣègùn, ó sì tayọ nínú ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀yà ara ènìyàn. A kò gbàgbé Agnes Yewande Savage, tí bàbá tirẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, tí ó ti gboyè ní Edinburgh ní 1929, ṣùgbọ́n Gold Coast ni ìyẹn ti ṣiṣẹ́. Ní ilẹ̀ Nàìjíríà níbí, Abímbọ́lá ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ó ṣe iṣẹ́ dókítà.

Nígbà tí ó padà dé, ọsibítù Massey Street ní Ìsàlẹ̀ Èkó ni wọ́n fi í sí. Ibẹ̀ kò ju ibi ìgboògùn lọ ní ìbẹ̀rẹ̀, Dókítà Ògúntọ́lá Sàpárà sì wà lára àwọn tí ó jà fún un kí ó lè dúró. Dókítà kékeré ni wọ́n pè é nígbà tí ó wọlé, abẹ́ àwọn ẹlòmíràn ni ó sì wà.

Ẹ jẹ́ kí á dúró díẹ̀ níbí, nítorí ẹni tí kò bá mọ ohun tí ó wà nílẹ̀ nígbà náà kò lè mọ ohun tí ìyá yìí gbé ṣe. Ọmọ á wáyé, á ké, á mu ọyàn dáadáa ní ọjọ́ kìíní àti ọjọ́ kejì. Kí ó tó pé ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, ẹnu rẹ̀ á dì, kò ní lè mu ọyàn mọ́, ara rẹ̀ á gan gbagidi. Wọn á ní àbíkú ni, tàbí pé ayé ti ṣe é. Bẹ́ẹ̀ abẹ tí wọ́n fi gé ìwọ́ rẹ̀ ni kò mọ́, tàbí ohun tí wọ́n fi lé e lórí. Abẹ tí a sè, ọwọ́ tí a fi ọṣẹ fọ̀, àti abẹ́rẹ́ tí aboyún gbà kí ó tó bí, tí agbára rẹ̀ ń gba inú ẹ̀jẹ̀ ìyá dé ara ọmọ, ni ó ń dènà àrùn yìí. Òmíràn tí wọ́n ń pè ní àbíkú, àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ni. Àti ìyá fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ẹsẹ̀ á wú, orí á máa fọ́ ọ, wọn á ní oyún ọkùnrin ni, àfi ìgbà tí gìrì bá gbé e. Ẹlòmíràn á bí tán, wọ́n á ti máa jó níta, ẹ̀jẹ̀ á sì máa dà lára rẹ̀ nínú yàrá láìdúró.

Ọ̀pọ̀ obìnrin kò jẹ́ kí dókítà ọkùnrin rí ìhòòhò àwọn. Ní tiwa, a gbà pé níbi tí Dókítà Awólíyì ti wúlò jù nìyẹn. Obìnrin ni, ọmọ Èkó ni, ó gbọ́ èdè ìyá tí ó wà níwájú rẹ̀, ó sì fẹ́ Dókítà S. O. Awólíyì, ó bí ọmọkùnrin kan àti ọmọbìnrin kan. Ohun tí ìyá ọlọ́mọ kò lè sọ fún ọkùnrin, yóò sọ ọ́ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Kì í sì í ṣe dókítà ni ó ń bá ìyá ìkókó ṣọ́ òru. Nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ni, àwọn tí ó ń fi han ọmọge tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ di ìyá bí a ti ń gbé ọmọ sí ọyàn, tí ó ń sọ fún un pé kí ó má da wàrà àkọ́kọ́ tí ó pọ́n yẹn nù.

Ní 1960, ọdún òmìnira, dókítà kékeré ọjọ́sí di olórí ọsibítù Massey Street, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1969. Ní 1962, ìjọba àpapọ̀ fi í ṣe àgbà onímọ̀ nípa àìsàn obìnrin àti ìgbẹ̀bí. Ó gba oyè MBE lọ́wọ́ àwọn òyìnbó, ó gba OFR lọ́wọ́ ìjọba wa. Ṣùgbọ́n èyí tí ó dùn mọ́ wa jù ni ti Ọba Adéníjì Adélé Kejì, tí ó fi í jẹ Ìyá Àbíyè Èkó. Ẹ gbọ́ orúkọ oyè yẹn dáadáa. Ẹni tí ó bí ọmọ tí ọmọ kú kò tíì yè, ẹni tí ó bí tí òun fúnra rẹ̀ lọ kò yè. Kí tìyá-tọmọ sọ̀kalẹ̀ láyọ̀ ni àbíyè. Ọba kò fún un ní orúkọ òyìnbó, ó fún un ní èyí tí àwọn ìyá àgbà ń fi gbàdúrà. Ọ̀yọ́ náà fi í jẹ Ìyálájé, kò sì yani lẹ́nu, nítorí ó ní oko adìẹ àti ọsàn éékà 27 ní Agége!

Láti 1964 ni ó ti jẹ́ ààrẹ àpapọ̀ ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Nàìjíríà, NCWS. Ní ọdún yẹn náà ni ẹgbẹ́ yìí kópa nínú dídá ìgbìmọ̀ ìfètòsọ́mọbíbí sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn kò dùn létí ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó tún kù tí kò dùn létí wọn dòní. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti rí ọmọ ọdún kan tí wọ́n já lẹ́nu ọmú lójijì nítorí pé òmíràn ti dé inú, tí ó ń gbẹ lọ, yóò mọ ìdí tí dókítà fi sọ̀rọ̀.

Ó yẹ kí á sọ èyí pẹ̀lú, nítorí Aládùúrà ni wá. Ní 1930 tí ìsọjí ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Ooyè, Iléṣà, púpọ̀ nínú àwọn bàbá wa ni kò fi ẹnu kan oògùn kankan. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà ni ọmọ Akérélé di dókítà. Ọ̀nà méjèèjì jìnnà síra nígbà náà. Àwọn ìjọ Aládùúrà dá ilé ìgbẹ̀bí sílẹ̀ lẹ́yìn náà, àwọn ìyá agbẹ̀bí wa sì gba ẹ̀mí púpọ̀ là. Ìyá agbẹ̀bí tí a mọ̀ pé ó gbọ́n ni èyí tí ó mọ ìgbà tí yóò sọ pé, ó tó, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù. Ní Ìjẹgun-Ẹ̀gbá níbí, tí ọkọ̀ agbépo ń tò sí ọ̀nà ibùdó epo, ó yẹ kí ó tètè sọ ọ́ ni, kí ilẹ̀ tó ṣú, nítorí Fẹ́sítáákì kò jìnnà lójú, ṣùgbọ́n ó lè jìnnà lóru fún ẹni tí ọmọ ń mú. Kí bàbá ọmọ ti mọ ọkọ̀ tí yóò gbé e, kí owó rẹ̀ sì ti wà nílẹ̀, kí oṣù rẹ̀ tó pé.

Dókítà Awólíyì kò fi ipò ààrẹ ẹgbẹ́ obìnrin sílẹ̀ títí ó fi kú ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹsàn-án, 1971, ní ẹni ọdún 61. Wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ọsibítù kan ní Èkó.