Johannes Kepler, Olùkọ́ tí Ojú Rẹ̀ Kò Dá Ṣáká

Ní ọdún 1571 ni a bí Johannes Kepler ní ilẹ̀ Jámánì. Ní kékeré ni ṣọ̀pọ̀ná ti ba ojú rẹ̀ jẹ́. Síbẹ̀ ó di olùkọ́ ìṣirò ní Graz ní 1594.

Ní 1611 ó ṣàlàyé pé, bí a bá fi awò méjì tí àárín wọn ki wo ohun tí ó jìnnà, ìmọ́lẹ̀ òkè yóò bọ́ sísàlẹ̀, ti ìsàlẹ̀ yóò bọ́ sókè, àwòrán yóò sì dorí kodò; ṣùgbọ́n awò kẹta yóò tún gbé e dúró lóòró.

Ó kú ní 1630. Ẹ jẹ́ kí àwa olùkọ́ ọ̀la má ṣe gan ọmọ aláàbùkù ara: ẹni tí kò ríran dáadáa ni ó kọ́ aráyé bí a ti ń ríran.