Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́: Àgbà akẹ́kọ̀ọ́ tó sọ ìnira Lọ́ńdọ̀nù di ilé fún ọmọ Áfíríkà

Lójú ọ̀nà Adó sí Ìjàn, níbi tí Pólì ìjọba àpapọ̀ àti Yunifásítì Afẹ́ Babalọlá wà, kì í ṣe ọ̀dọ́ nìkan ló ń ronú àtilọ kàwé lókè òkun mọ́. Tíṣà tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún wà nínú wọn, nọ́ọ̀sì tó ti bímọ náà wà níbẹ̀. Ohun tó sì máa ń ba irú wọn lẹ́rù jù kì í ṣe ìwé. Ilé tí wọ́n máa gbé ni, owó tí wọ́n máa fi jẹun ni, àti bí ẹni tí wọ́n ń pè ní ọ̀gá nílé ṣe máa débẹ̀ di ẹni tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Ọkùnrin Ẹ̀gbá kan ti gba ibẹ̀ kọjá, ó lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún báyìí. Orúkọ rẹ̀ ni Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́.

Abẹ́òkúta ni wọ́n bí i sí, ní nǹkan bí ọdún 1886. Ó kàwé ní St Andrew's College, Ọ̀yọ́, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tíṣà, kó tó kọjá sí Fourah Bay College ní Freetown, ilẹ̀ Sàró, níbi tó ti gboyè B.A. Láyé ìgbà yẹn, àwọn tó ní oyè yunifásítì nílẹ̀ wa kò pọ̀ rárá. Ká ní ó padà wálé ni, ì bá jókòó sídìí iṣẹ́ gidi, kí wọ́n sì máa pọ́n ọn lé. Àmọ́ ìwé òfin ló wù ú. Lọ́dún 1922, ó wọkọ̀ ojú omi lọ sí ìlú ọba, ó sì wọ University College ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó ti tó ẹni ọdún 36 nígbà náà.

Ìyà tó ń jẹ adáwọ̀dúdú ní Lọ́ńdọ̀nù ìgbà yẹn kì í ṣe kékeré. Ọ̀pọ̀ onílé ló jẹ́ pé tí wọ́n bá ti rí àwọ̀ ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, yàrá ti tán nìyẹn. Ọmọ ogún ọdún lè fi irú rẹ̀ ṣe ẹ̀fẹ̀ lálẹ́ pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún àgbàlagbà tó ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ kó tó dé ibẹ̀. Ṣólàńkẹ́ dá nìkan wà, owó sì wọ́n ọn. Èdè Yorùbá tó gbé láti ilé ló bá a gbọ́ bùkátà díẹ̀, torí ó rí iṣẹ́ olùkọ́ Yorùbá ṣe ní School of Oriental Studies. Ẹ ò rí nǹkan? Èdè tí ọ̀pọ̀ iléèwé nílé ń fojú kéré ni òyìnbó ń sanwó kọ́.

Ọdún 1924 ni ọ̀rọ̀ bẹ́ sílẹ̀. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe àfihàn ńlá kan ní Wembley, wọ́n kó ọjà àti èèyàn wá láti gbogbo ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso. Ìwé ìròyìn Evening News wá gbé e jáde pé àwọn ará Nàìjíríà ṣì ń jẹ èèyàn títí di àìpẹ́, wọ́n sì ń ṣe oògùn burúkú. Ẹni tó bá mọ ohun tó jẹ́ láti wá yàrá gbà láàárín àwọn tó ti ka irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ láàárọ̀, á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kọjá èébú lásán. Ṣólàńkẹ́ kọ̀wé sí ìwé ìròyìn West Africa, ó fi ẹ̀hónú hàn. Lẹ́tà yẹn ló mú Amy Ashwood Garvey, obìnrin ọmọ Jàmáíkà, sún mọ́ ọn. Nínú oṣù keje ọdún náà, àwọn méjèèjì dá ẹgbẹ́ Nigerian Progress Union sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bíi mélòó kan. Ṣólàńkẹ́ tilẹ̀ fi obìnrin náà joyè Ìyálóde.

Nǹkan mìíràn tún ṣẹlẹ̀ lọ́dún yẹn tó kan gbogbo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ rédíò lédè wa. Ní oṣù kẹfà, Ṣólàńkẹ́ sọ Yorùbá lórí rédíò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òun ni wọ́n sì kà sí ẹni àkọ́kọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ku ọdún 11 kí rédíò tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ sínú ilé àwọn èèyàn l'Ékòó.

Síbẹ̀, ẹgbẹ́ ọmọ Nàìjíríà nìkan kò tó o. Ó lá àlá kan tó kà sí iṣẹ́ látọ̀dọ̀ Ọlọ́run: ìyà àwọ̀ kò ní tán lórí ọmọ Áfíríkà àfi tí wọ́n bá fọwọ́ ara wọn tún ìwà ara wọn ṣe, tí wọ́n sì pawọ́ pọ̀. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ ọdún 1925, òun àti Dókítà Bankole-Bright láti ilẹ̀ Sàró kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jọ, wọ́n dá West African Students' Union sílẹ̀, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí WASU. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá mọ bí orúkọ yẹn ṣe dún létí.

Wọ́n gbà á wọlé gẹ́gẹ́ bí lọ́yà lọ́dún 1926. Iṣẹ́ tó tìtorí ẹ̀ lọ ti parí, àyè wà fún un láti di ẹrù rẹ̀. Kò dì í. Ilé ló gbà á lọ́kàn, ilé tí akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lè wọ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni ń wo àwọ̀ rẹ̀. Lọ́dún 1928, Marcus Garvey yọ̀ǹda ilé kan fún WASU, àmọ́ kò pẹ́ lọ títí. Ni Ṣólàńkẹ́ bá gbéra lọ́dún 1929, ó ń ti ìlú dé ìlú ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ó ń tọrọ owó lọ́wọ́ ọba àti mẹ̀kúnnù. Ọdún 1932 ló tó padà. Ọpẹ́olú tó fi ṣaya bá a lọ.

Ilé náà ṣí ní Camden lọ́dún 1933. Ṣólàńkẹ́ ni alábòójútó, ìyàwó rẹ̀ ló ń mójú tó ilé ìdáná, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló sì mọ̀ ọ́n sí Mama WASU. Àwọn ìwé ìtàn kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ obìnrin yìí, bẹ́ẹ̀ òórùn ọbẹ̀ ilé nínú òtútù Lọ́ńdọ̀nù kì í ṣe nǹkan kékeré fún ẹni tó fi ìyàwó àtọmọ sílẹ̀.

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì náà ṣí ilé tiwọn, Aggrey House, lọ́dún 1934. Ṣólàńkẹ́ fárí gá. Ó ní ìjọba fẹ́ máa ṣọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni, kí wọ́n má baà gbọ́n jù. Àwọn mìíràn láàárín adáwọ̀dúdú ibẹ̀ kò rí i bẹ́ẹ̀, ìjà náà sì le. Òtítọ́ ni pé nígbà tó yá, WASU náà gba ìrànlọ́wọ́ ìjọba láti fi ra ilé tó tóbi jù ní Camden Square lọ́dún 1938. Ọkùnrin náà ní agídí, àmọ́ owó iná àti owó ilé kò mọ agídí.

Inú ilé wọ̀nyí ni ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ òmìnira ti gbóná. Kwame Nkrumah tó dé Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1945, tí òun náà ti kúrò lọ́mọdé, di igbákejì ààrẹ ẹgbẹ́ náà. Ṣùgbọ́n bí ọdún 1950 ṣe ń sún mọ́lé, àwọn ọ̀dọ́ tí ẹ̀jẹ̀ wọn gbóná rí i pé baba ti ń falẹ̀ jù, ọ̀rọ̀ owó náà dá wàhálà sílẹ̀, ó sì fi ipò sílẹ̀. Kò kúrò nídìí ilé ṣá o. Ó ń gba akẹ́kọ̀ọ́ sílé nìṣó.

Kò fi iṣẹ́ lọ́yà kọ́lé bíi tàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó padà sí Èkó. Ẹ̀ẹ̀mejì ló wá sílẹ̀ Áfíríkà pẹ́ títí, 1929 sí 1932, àti 1944 sí 1948. Owó ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló bá wá lẹ́ẹ̀mejèèjì. Lọ́ńdọ̀nù náà ló kú sí, ní ọjọ́ 2 oṣù kẹsàn-án ọdún 1958, nígbà tó ku ọdún 2 kí Nàìjíríà gba òmìnira.