Àjàyí Crowther: Ọmọ tí wọ́n jí gbé, tí ìrètí rẹ̀ ò kú

Ẹ̀yin èèyàn mi, iṣẹ́ tèmi ni kí n máa kó ìròyìn jọ. Kí n tó fọ ẹnu láàárọ̀, mo ti ka ti àwọn ajínigbé, mo ti ka ti ọkọ̀ tó dànù, mo ti ka ti ọjà tó tún gbówó lórí. Ọ̀rẹ́ mi kan bi mí pé báwo lèèyàn ṣe ń ka gbogbo èyí tán, kó tún lọ kọrin ọpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú? Ká sòótọ́, mi ò rí èsì fún un. Ìtàn ẹnì kan ni mo sọ fún un, òun náà ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Gbogbo wa la mọ orúkọ Àjàyí Crowther láti iléèwé: bíṣọ́ọ̀bù adúláwọ̀ àkọ́kọ́ nínú ìjọ Áńgílíkà, ẹni tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá. Ohun tí wọn kì í sọ fún wa ni iye ìròyìn burúkú tí bàbá yẹn là kọjá.

Nǹkan bí ọdún 1809 ni wọ́n bí i ní Òṣoogùn, nítòsí Ìsẹ́yìn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan lọ́dún 1821, wọ́n ń múra oúnjẹ àárọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí ogun wọ̀lú. Bàbá rẹ̀ ní kí wọ́n máa sá lọ. Ojú wọn ò tún ṣe mẹ́rin mọ́. Wọ́n fi okùn mú Àjàyí, Àfàlà ìyá rẹ̀, àtàwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin méjì. Ní Ìsẹ́yìn, wọ́n pín wọn bí ẹni pín ẹrù. Wọ́n fi Àjàyí pààrọ̀ ẹṣin. Ẹṣin ò tẹ́ olówó lọ́rùn, wọ́n dá ọmọ padà. Wọ́n tún tà á, wọ́n tún un tà. Nígbà tó fura pé ọwọ́ àwọn Potogí lòun máa bọ́ sí, ó fẹ́ gbẹ̀mí ara rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ ò gbé e. Ọmọ bí ọdún 12 ni o!

Èkó ni wọ́n ti kó o sínú ọkọ̀ òkun. Ní April 7, 1822, ọkọ̀ ológun Gẹ̀ẹ́sì dá ọkọ̀ náà dúró, wọ́n sì kó wọn lọ sí Sàró. Ibẹ̀ ló ti kọ́ ìwé, tó gba Jésù gbọ́, tó ṣèrìbọmi ní December 11, 1825, tó sì gba orúkọ Samuel Crowther. Ó fẹ́ Asano, ẹni tí wọ́n gbà lọ́wọ́ olówò ẹrú bíi tiẹ̀.

Ẹ má rò pé ìrìbọmi ló parí wàhálà. Lọ́dún 1841, ó bá àwọn òyìnbó wọ ọkọ̀ gba Odò Ọya lọ. Ibà pa wọ́n rẹpẹtẹ. Lọ́dún 1843 ló di àlùfáà ní Lọ́ńdọ̀nù. Lọ́dún 1845, ó dé Àgbádárìgì, Abẹ́òkúta ló ń lọ. Ìròyìn tó bá a níbẹ̀ ni pé Ṣódẹkẹ́, olórí Ẹ̀gbá tó ń retí wọn, ti kú. Ọ̀nà dí. Ó dúró ju ọdún kan lọ.

Oṣù August 1846 ló tó wọ Abẹ́òkúta. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n mú obìnrin àgbà kan wá bá a. Àfàlà ni! Bí ọdún 25 ti kọjá. Wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń wo ara wọn, ọ̀rọ̀ ò jáde lẹ́nu wọn. Lọ́dún 1848, ìyá náà ṣèrìbọmi, wọ́n sọ ọ́ ní Hannah, orúkọ ìyá Sámúẹ́lì inú Bíbélì.

Tó bá jẹ́ fíìmù ni, ibí ni wọn ì bá ti kọ ọ́ pé ó parí. Ayé kì í ṣe fíìmù. Lọ́dún 1862, iná jó ilé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Yorùbá tó ti ń kó jọ fún ọdún 11 jóná, ìwé Ẹ́kísódù tó ti túmọ̀ náà jóná. Ó jókòó, ó tún bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1864, wọ́n fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury. Lọ́dún 1867, ìjòyè kan nítòsí Idah, Abokko, tún mú un mọ́lẹ̀ pẹ̀lú Dandeson ọmọ rẹ̀, ó ní àfi kí wọ́n sanwó. Òyìnbó tó lọ gbà wọ́n sílẹ̀, ọfà olóró ló pa á. Ẹ ò rí nǹkan? Wọ́n jí i gbé lọ́mọdé, wọ́n tún jí i gbé lágbà. Ó tún padà sẹ́nu iṣẹ́ lẹ́bàá odò yẹn.

Òun àtàwọn tó ń ràn án lọ́wọ́ parí gbogbo Bíbélì lọ́dún 1884. Lọ́dún 1890, àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì òyìnbó, tí wọn ò tó ọmọ bíbí rẹ̀, dójú tì í níwájú ìgbìmọ̀ ní Onitsha, wọ́n ń lé àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dànù níṣojú rẹ̀. Ó kọ̀wé fipò sílẹ̀ nínú ìgbìmọ̀, ṣùgbọ́n kò torí ẹ̀ fi Kristi sílẹ̀. Ó ń bá àwọn ìjọ etí òkun gbìmọ̀ bí wọ́n á ṣe dá dúró, tí wọ́n á máa bọ́ ara wọn. Àárín ìyẹn ló wà tí àìsàn fi dé. Ó kú l'Ékòó ní December 31, 1891. Òyìnbó ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀.

Ìdí tí mo fi fẹ́ràn ìtàn yìí nìyẹn: kò parí síbi tó dùn. Ìrètí Crowther ò dá lórí pé ìròyìn ọ̀la máa dáa. Ó gbà pé Ọlọ́run ò tíì bá òun parí ọ̀rọ̀, ó sì ń mú iṣẹ́ tó kàn ṣe. Àfàlà náà ò mọ̀ pé ọmọ òun ṣì wà láàyè, gbogbo ọdún yẹn ọmọ sì ń bọ̀.

Tí ẹ bá ṣí Bíbélì Yorùbá lórí fóònù yín lálẹ́ òní, ẹ rántí pé ọwọ́ ọmọ tí wọ́n fi pààrọ̀ ẹṣin wà nínú ẹ̀. Èmi ń lọ kọ ìròyìn òní. Kò dáa. Màá kọ ọ́, màá sì lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú.