Theodor Boveri àti Ìjánu Inú Sẹ́ẹ̀lì

Ẹ̀yin olùtọ́jú ọmọ àti òṣìṣẹ́ ìlera, ó yẹ kí ẹ mọ̀ nípa Theodor Boveri, nítorí pé èrò rẹ̀ wúlò fún iṣẹ́ yín títí di òní.

Ìlú Bamberg ní orílẹ̀-èdè Jámánì ni a bí i sí ní ọdún 1862. Ní ọdún 1893 ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Würzburg. Ẹyin ẹran inú òkun kan tí ẹ̀gún bo ara rẹ̀ ni ó fi ṣe ìwádìí. Ó ṣàkíyèsí pé bí àtọ̀ méjì bá wọ inú ẹyin kan, àwọn kírómósómù, ìyẹn fọ́nrán tín-ín-rín tí ó ru àwọn jíìnì, kì í pín dọ́gba, sẹ́ẹ̀lì tí ìpín rẹ̀ kò bá sì pé kì í dàgbà bí ó ti yẹ.

Nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1914, ó gbé èrò kan kalẹ̀: ohun kan wà nínú kírómósómù tí ń kó sẹ́ẹ̀lì níjàánu. Bí sẹ́ẹ̀lì bá pàdánù rẹ̀, yóò máa pín láìdúró, yóò sì di jẹjẹrẹ. Boveri kú ní ọdún 1915, ní ẹni ọdún 53. Ìyàwó rẹ̀, Marcella, tí òun náà jẹ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, ni ó túmọ̀ ìwé náà sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1929.

Jẹjẹrẹ ojú ọmọdé tí à ń pè ní retinoblastoma ni ó mú ẹ̀rí wá. Ní ọdún 1971, Alfred Knudson ṣàlàyé pé ìbàjẹ́ méjì ni ó gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ kí àrùn náà tó bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1986 ni a rí jíìnì náà gan-an, RB1. Purotéènì tí RB1 ń pèsè a máa di purotéènì E2F mú, kí ó má baà jí àwọn jíìnì tí ń mú sẹ́ẹ̀lì pín. Bí ẹ̀dà RB1 méjèèjì bá bàjẹ́, ìjánu já nìyẹn.

Nítorí náà, ẹ má ṣe dá òbí lẹ́bi. Àwọn ọmọ kan bí ẹ̀dà kan tí ó ti bàjẹ́ mọ́ra. Nínú àwọn mìíràn, inú ojú ni ìbàjẹ́ méjèèjì ti ṣẹlẹ̀. Bí ẹ bá rí funfun nínú ọmọlójú ọmọdé, ìbáà ṣe nínú fọ́tò, ẹ tètè gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Ẹ rán àwọn òbí létí pé kí a yẹ ojú ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ wò pẹ̀lú. Bí a bá tètè rí i, a lè gba ẹ̀mí ọmọ náà là, ní ọ̀pọ̀ ìgbà a sì lè gba ojú rẹ̀ là pẹ̀lú.